Táímà, Púlọ́ọ̀gì WiFi tàbí Ínfátà Fúnra Rẹ̀: Èwo Ló Mọ Ìgbà Tí Iná Bá Pọ́ọ́kú l'Ábẹ́òkúta?

Ẹni tó bá ti wo fídíò àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn ohun tó ń tan ẹ̀rọ inú ilé fúnra wọn nígbà tí iná bá pọ́ọ́kú á ti rí i pé òru ni wọ́n ń fọ aṣọ. Octopus, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná níbẹ̀, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Agile, tí owó iná ń yí padà láti ìdajì wákàtí kan sí òmíràn. Ìgbà mìíràn wà tí atẹ́gùn tí wọ́n fi ń ṣe iná á fẹ́ gan-an, tí iná á pọ̀ jù, tí wọ́n á máa san owó fún ẹni tó bá bá wọn lò ó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra ohun tó ń tan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ láago méjì òru nígbà tí onílé ń sùn.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Mítà tó wà lára ògiri wa kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Báńdì tí IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, fi àdúgbò yín sí ló ń sọ iye tí ẹ ó san. Nígbà tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé owó Báńdì A sí náírà 225 fún yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n fi ṣe ìlérí, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé iná òru dínwó. Owó náà ti lọ sókè sódò díẹ̀ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, iye kan náà ni láàárọ̀ àti lálẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ra púlọ́ọ̀gì olówó gegere kó lè máa fọṣọ lóru nítorí fídíò, ariwo ló rà fún àwọn aládùúgbò.

Iná pọ́ọ́kú tiwa wà lórí òrùlé. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, bátìrì ẹni tó ní sólà sábà máa ń kún, ohun tí páńẹ́lì ń mú wá kò ní ibi tí yóò lọ mọ́, ínfátà á kàn dá a dúró ni. Òun ló yẹ kó máa fa omi, kó máa mú yìnyín dì, kó máa fọ aṣọ. Pọ́ńpìn maṣíìnì 1HP tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì kan. Ẹ fi iná Báńdì A fà á, ó lé ní igba náírà. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ kékeré fà á, epo ìdajì líta lè má tó. Ẹ fi oòrùn ọ̀sán fà á, ẹ ti sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ra páńẹ́lì.

Ta ló wá wà nílé láago méjìlá ọ̀sán láti lọ tẹ bọ́tìnì? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn tàbí tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kútọ̀, ọ̀sán kì í bá a nílé. Ó nílò ohun tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́. Oríṣiríṣi ló wà lọ́jà, mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn; ti ínfátà, ilé àbúrò mi ní Ọbańtokò ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Táímà oníyíyí

Èyí ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní àgbá kékeré lójú, tí ẹ ó máa tẹ eyín rẹ̀ sísàlẹ̀, eyín kọ̀ọ̀kan ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òun ló pọ́ọ́kú jù. Kò fẹ́ dátà, kò fẹ́ áàpù, ìyá àgbà lè tò ó. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé iná gan-an ló ń yí àgbá yẹn. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́rin, ó ti fi wákàtí mẹ́rin rẹ́yìn nìyẹn, kò sì ní bá a mọ́ àfi bí ẹ bá fọwọ́ yí i. Ní àdúgbò tí iná ń lọ tó ń bọ̀, kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀sán rẹ̀ ti di òru. Abẹ́ ínfátà tí kì í kú nìkan ló ti wúlò.

Púlọ́ọ̀gì WiFi

Òun ló dùn ún rà jù. Ẹ fi sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ẹ fi áàpù bíi Smart Life sórí fóònù, ẹ wà ní Ṣàpọ́n lẹ ti ń pa fáànù tí àwọn ọmọ fi sílẹ̀. Àwọn tó dára nínú wọn tún ń fi iye iná tí nǹkan ń jẹ hàn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé fírísà wa àtijọ́, tí rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti gbó, kì í sinmi láti àárọ̀ dalẹ́. Rọ́bà tuntun tí mo pààrọ̀ sí i ti dá owó púlọ́ọ̀gì padà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í kọ ìdáhùn rẹ̀ sára páálí: bí iná bá lọ tó sì dé, kí ló máa ṣe?

Lákọ̀ọ́kọ́, kò ní mọ aago mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní bátìrì nínú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba aago. Bí iná bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, tí ráútà kú, tàbí tí dátà ti tán láti àná, púlọ́ọ̀gì á jí láìmọ̀ bóyá àárọ̀ ni tàbí alẹ́, ètò tí ẹ tò sínú rẹ̀ á sì dúró gbagidi. Ẹ lè fi òun àti ráútà sí abẹ́ ínfátà, ìyẹn á yanjú ti iná. Kò sí ínfátà tó ń ra dátà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú áàpù rẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tí yóò ṣe nígbà tí iná bá padà: kó tàn, kó kú, tàbí kó ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohunkóhun tó bá ní mọ́tọ̀, ẹ yan kó kú. Àwọn kan wà tí kò ní ibẹ̀ rárá, tí wọ́n á kàn tàn lọ́gán tí NẸ́PÀ bá dé, pẹ̀lú gbogbo agbára tí iná fi ń wọlé ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ má gba irú rẹ̀, kódà bí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ.

Èyí tó wá gba owó lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni. 16A ni wọ́n kọ sára tèmi, ìyẹn ámípù, bí iná tó lè gba inú rẹ̀ kọjá ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó tà á fún mi fi kákúlétọ̀ ṣírò rẹ̀ níwájú mi: 16 lọ́nà 230, wáàtì 3,680, pọ́ńpìn maṣíìnì yín kò sì ju 750 lọ, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì lo ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ìṣirò náà pé, fún áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù. Mọ́tọ̀ kì í ṣe áyọ́ọ̀nù. Nígbà tí mọ́tọ̀ bá ń gbéra nílẹ̀, ó lè fa iná ìlọ́po márùn-ún sí méje èyí tó ń jẹ nígbà tó bá ń sáré. Pọ́ńpìn maṣíìnì tó ń jẹ 5A lè fa 25A sí 35A ní ìbẹ̀rẹ̀. Inú púlọ́ọ̀gì yẹn, ahọ́n irin kékeré méjì péré ló ń pàdé tó ń tú ká. Bí iná bẹ́ẹ̀ bá ń ta láàárín wọn lójoojúmọ́, ọjọ́ kan á jọ́kan tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ra bí ẹni fi wẹ́dà jó wọn pọ̀.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lórí fóònù mi, pọ́ńpìn maṣíìnì ti kú, áàpù kọ ọ́ gàdàgbà. Nílé, ó ń sáré lọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ilẹ̀ wa sì jẹ́ ilẹ̀ àpáta. Omi kànga ẹ̀rọ wa kì í yára sun padà nígbà yẹn. Táǹkì kún, ó dà sílẹ̀, omi inú kànga tán, ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́. Nígbà tí ará ilé gbọ́ òórùn, wáyà inú rẹ̀ ti jó. Owó tí mo fi gbé òmíràn jáde, tí mo fi san owó àwọn tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó lè ra irú púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ kún àpótí. Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tọ́ka sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Nítorí náà, bí oníṣòwò bá sọ iye 16A fún yín, ẹ bi í pé: ti kẹ́tù ni àbí ti mọ́tọ̀? Bí kò bá mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹ máa lọ.

Táímà onínọ́ńbà inú bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú kọ́ńtátọ̀

Kò rẹwà. Àpótí kékeré ni, tó ní ojú bíi ti aago ọwọ́, tí oníná máa so mọ́ irin inú bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bírékà. Bátìrì tíńtín wà nínú rẹ̀ tó ń di aago mú, tí NẸ́PÀ bá lọ tí ínfátà sì kú, aago rẹ̀ á ṣì máa lọ. Ohun tí mo wá kiri nìyẹn.

Ẹ má ṣe fi òun nìkan gbé mọ́tọ̀. Kọ́ńtátọ̀, ìyẹn súíìṣì ńlá tí iná kékeré ń tẹ̀, ni yóò gbé e. Táímà á kàn fi iná díẹ̀ sọ fún kọ́ńtátọ̀ pé ó yá, kọ́ńtátọ̀ á wá so iná ńlá pọ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí pẹ̀lú: nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára kọ́ńtátọ̀. Èyí tó tóbi, tí wọ́n kọ AC-1 sí, ti ohun tó ń gbóná lásán ni. Èyí tó kéré, AC-3, ni ti mọ́tọ̀, òun sì ni kí ẹ kà. Fún pọ́ńpìn maṣíìnì 1HP, èyí tí AC-3 rẹ̀ jẹ́ 9A tàbí 12A tó. Kí oníná tún gba wáyà kọ́ńtátọ̀ náà kọjá lára fúlóòtì inú táǹkì, ìyẹn súíìṣì tó ń léfòó lórí omi, kó lè jẹ́ pé bí táǹkì bá kún, kó kú, aago ìyówù kó jẹ́. Ẹni tí kànga rẹ̀ kì í sun dáadáa, kó fi fúlóòtì tàbí ohun tó ń ṣọ́ omi sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí kò dára lára rẹ̀: bọ́tìnì rẹ̀ kéré bí orí ìṣáná, ìwé inú páálí rẹ̀ fi lẹ́tà èèrà kọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mọ ojú ọ̀run. Ní oṣù Keje, tí òjò bá ṣú láti àárọ̀, aago méjìlá á lù, á tan ẹ̀rọ, bátìrì ni yóò sì fi fa omi. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bá bo páńẹ́lì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwa ń tò ó sí aago kan ọ̀sán nígbà òjò, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi, kí bátìrì lè rí oòrùn díẹ̀ jẹ. Kò pé ọgọ́rùn-ún. Mi ò tíì tún pọ́ńpìn maṣíìnì ṣe láti ìgbà náà.

Ínfátà fúnra rẹ̀

Nínú gbogbo wọn, èyí nìkan ló mọ oòrùn. Àwọn ínfátà kan tó ń da sólà, bátìrì àti iná ìjọba pọ̀, Deye wà lára wọn, ní ẹnu kan, ìyẹn ibi tí a ń so wáyà ẹ̀rọ mọ́, tí ẹ lè sọ fún pé: tí bátìrì bá dé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún, tan, tó bá wálẹ̀ dé báyìí, pa. Òjò ṣú, kò ní tàn. Oòrùn yọ, ó tàn, kò bi ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi so fírísà ńlá mọ́ tirẹ̀, ìyìn ló ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ínfátà rẹ̀ kò ní ẹnu yẹn kò ní ra òmíràn nítorí rẹ̀, àwọn oníná tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó kò sì tíì pọ̀ nígboro.

Home Assistant ńkọ́? Ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn ẹ̀rọ inú ilé ni. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti tan nǹkan, ó sì lè ka bátìrì lára ọ̀pọ̀ ínfátà. Ẹni tó bá fẹ́ràn àti máa jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ Sátidé ló wà fún.

Àwọn tó kù ní ráńpẹ́. Owó: táímà oníyíyí ló kéré jù, ínfátà ló ga jù, ti inú bọ́ọ̀dù, owó oníná ló máa ń ju owó ọjà lọ. Ayálégbé: púlọ́ọ̀gì, nítorí ẹ lè yọ ọ́ lọ. Fírísà: ohun yòówù tí ẹ bá lò, ẹ jẹ́ kó sinmi tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó tún gbéra, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń ra dílè, ohun tó ń dá iná dúró díẹ̀. Áyọ́ọ̀nù: ẹ má gbé e fún ẹ̀rọ kankan, ẹ fọwọ́ tàn án, ẹ fọwọ́ pa á.

Èwo wá ni kí ẹ rà?

Kálukú ló ní ibi tó dára sí. Ẹni tó ń gbé yàrá kan, tí ohun tó fẹ́ tàn kò ju fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti ṣájà lọ, kó ra púlọ́ọ̀gì WiFi, kó sì máa fi ka iye iná tí nǹkan ń jẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe sólà, kó bi àwọn tó ń bá a ṣe é bóyá ínfátà náà ní ẹnu tó ń wo bátìrì, kó tó sanwó. Ẹni tó bá ní pọ́ńpìn maṣíìnì, tí iná àdúgbò rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, tí dátà rẹ̀ máa ń tán nígbà mìíràn, ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wa, ti inú bọ́ọ̀dù ni kó gbé.

Kí ẹ tó sanwó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n fi í síná, kí wọ́n tò aago rẹ̀ níṣojú yín, kí wọ́n wá yọ ọ́ kúrò. Ẹ lọ dúnàádúrà wáyà àti kọ́ńtátọ̀. Bí ẹ bá padà tí aago rẹ̀ ṣì ń lọ, ẹ gbé e. Bó bá ti kú, ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ lórí pẹpẹ ni, bátìrì inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi sílẹ̀ síná di ọ̀la, kí ẹ tún dán an wò. Èyí tó bá tún gbàgbé aago lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.