Físíò tí ń wá sílé: ohun tí owó wa rà ní Ṣómólú

Oṣù mẹ́ta ni àwọn oníṣẹ́ físíò, àwọn tí ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa dìde kí ó sì máa rìn, fi ń wọlé wọ̀de lọ́dọ̀ wa ní Ṣómólú nítorí ìyá mi, ẹni ọdún 76, tí ó ṣubú ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ tí egungun itan rẹ̀ sì kán ní ibi tí ó ti wọ inú ìbàdí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin pààrọ̀ orí egungun náà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n ní kí a máa mú un lọ sílé, kí a wá físíò tí yóò máa bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí a gbà, nítorí pé a ti yanjú gbólóhùn asọ̀ tí ó wà láàárín wa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ibi tí iṣẹ́ wọn ti dára àti ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn ènìyàn bi wá pé kí ló dé tí a kò máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn egungun tí ó wà ní Ìgbóbì. Òótọ́ ni pé ilé ìwòsàn náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí ó sì di ilé ìwòsàn ní 1945, kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìyá mi ń gbé. Àtẹ̀gùn 16 ni ó wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ilẹ̀, orí àga oníke ni àwọn ọkùnrin méjì sì gbé e gòkè sí lọ́jọ́ tí a dé, tí òun alára ń pariwo pé kí wọ́n má já òun sílẹ̀. Ta ni yóò máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí a tó wá sọ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Fádéyí?

₦15,000 ni wọ́n ń gbà fún ìbẹ̀wò kan, wọ́n sì ní kí a san owó ìbẹ̀wò 12 sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rán wá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ ìwà hù, ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé. Yóò so wáyà mọ́ itan Màmá, yóò fi àpò omi gbígbóná lé e, yóò fi òróró ra ẹsẹ̀ náà, nígbà tí ó bá sì fi máa tó ìṣẹ́jú 25, ó ti palẹ̀ mọ́. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí pé kò ni ín lára. Lọ́jọ́ kan tí kò sí iná, ó jókòó díẹ̀, ó ní òun yóò padà wá, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ka ọjọ́ náà mọ́ ara ìbẹ̀wò tí a ti sanwó rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti mú Màmá dìde dúró. Nílé tiwa, lẹ́yìn ìbẹ̀wò márùn-ún, kò tíì dúró fún odindi ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tí ó ń dùbúlẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe pé ó ń sinmi: iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ náà kí ó sì gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bó di egbò.

Mo pè wọ́n, mo fi ẹ̀hónú mi hàn, wọ́n sì rán obìnrin kan wá. Ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin yìí. Kò fọwọ́ kan Màmá fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilé ni ó kọ́kọ́ ń wò. Ó wo ilé ìwẹ̀, ó wo ibùsùn, ó bi Màmá pé níbo ni ó ti máa ń kírun. Ó ní kí a fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ ibùsùn sókè nítorí pé fóòmù rẹ̀ ti wọlẹ̀, kí a ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀, kí a sì yọ wáyà jẹnẹrétọ̀ tí ó dábùú ọ̀nà. Wọ́kà tí a rà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí aláìsàn ń dì mú rìn, gíga tí ó wà láti ṣọ́ọ̀bù ni ó ṣì wà. Ó ní kí Màmá dúró, kí ó jẹ́ kí apá rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, ibi tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ni ó sì gbé ojú ìdìmú wọ́kà náà sí.

Lẹ́yìn náà ni ó ka èèwọ̀ mẹ́ta fún gbogbo ilé: kí orúnkún Màmá má ṣe ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ nígbà tí ó bá jókòó, kí ó má ṣe gbé ẹsẹ̀ kan kọjá lórí èkejì, kí ó má sì ṣe yí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí sínú, nítorí pé orí irin náà lè yẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí àpótí tí Màmá fi ń ṣa ẹ̀fọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ṣe kúrò nílé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìrun ni ó le jù. Màmá ní òun kò lè jókòó sórí àga kírun bí ẹni tí ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ó ní kí a pe àfáà mọ́ṣáláṣí rẹ̀, àfáà sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé aláìsàn lè jókòó kírun.

Ìgbà tí iṣẹ́ gan-an wá bẹ̀rẹ̀, ohùn tí mo ń gbọ́ láti pálọ̀ kò yí padà: “Màmá, ẹ fa ìdí yín wá sí etí àga. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, ẹ má fa wọ́kà o, wọ́kà kò lè gbé yín.” Màmá a ní, “Ó ń dùn mí, ìwọ ọmọ yìí!” Òun náà a ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta.” Ó ti sọ fún wa pé kí a máa fún un ní oògùn ìrora ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí òun tó dé. Àbúrò mi ọkùnrin tí ó máa ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá Màmá láti fà á dìde, obìnrin náà dá a lẹ́kun, ó sì jẹ́ kí àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ ṣe é bí ó ti yẹ níṣojú òun títí ó fi mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí pé wákàtí mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ni tirẹ̀, àwa ni a ni ìyókù.

Ó tún fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní mítà 3 sí àga Màmá. Kí ó dìde, kí ó rìn dé ìlà, kí ó yí padà, kí ó sì jókòó: ìṣẹ́jú àáyá 52 ni ó gbà á nígbà àkọ́kọ́, ó di 24 ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, 16 ni ó wà báyìí. Obìnrin náà ní ẹni tí ó bá ń lo 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu ìṣubú, nítorí náà kí a má tíì máa yọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n kan àtẹ̀gùn: ẹsẹ̀ tí kò dùn ún ni kí ó kọ́kọ́ gbé bí ó bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ni kí ó kọ́kọ́ gbé bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ọ̀pá sì wà ní ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí ń dùn ún. Nígbà tí Màmá ń ṣi wọ́n gbé, a so aṣọ pupa mọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan.

Ọ́fíìsì wọn ni kò jẹ́ kí n yìn wọ́n tán. Aago mẹ́wàá àárọ̀ wọn lè di aago kan ọ̀sán láìsí ìpè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, wọ́n pààrọ̀ obìnrin náà láìsọ fún wa, ẹni tuntun náà kò sì ka àkọsílẹ̀ kankan kí ó tó dé. Mo dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pè wọ́n kí wọ́n tó gbà pé ọjọ́ tí kò sí iná kì í ṣe ìbẹ̀wò. Ohun kan tí ó yẹ kí n ti bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ìwé àṣẹ tí àjọ ìjọba tí ń jẹ́ Medical Rehabilitation Therapists Board ń fún oníṣẹ́ físíò, èyí tí wọ́n ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún. Obìnrin yìí fi tirẹ̀ hàn mí kí n tó bèèrè.

₦450,000 ni gbogbo owó tí a ti san fún ìbẹ̀wò 30. Nínú máàkì 10, 9 ni ti obìnrin náà, 5 ni ti ọ́fíìsì wọn, bí mo bá sì tún sanwó fún wọn, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò kọ sórí rìsíìtì kí n tó kówó sílẹ̀. Ìbẹ̀wò méjì ni ó kù. Ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni obìnrin náà fẹ́ fi wọ́n kọ́ Màmá, nítorí pé pákó ni wọ́n fi dí ojú gọ́tà tí ó wà níwájú ibẹ̀, pákó náà sì ń mì.