Yíyá ni àbí ẹ̀bùn? Ohun tí kóòtù Èkó máa ń wò

O fi owó ránṣẹ́ sí ẹnì kan; o ní ṣe lo yá a, òun ní ẹ̀bùn ni. Rìsíìtì báńkì kàn fi hàn pé owó kúrò lọ́wọ́ rẹ ni. Kò sọ pé o yá a. Abala 131 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní ẹni tó sọ pé nǹkan rí bẹ́ẹ̀ ni kó mú ẹ̀rí wá, nítorí náà ìwọ tó o ní o yá a lo máa wá a.

Ọjọ́ ìdápadà tí ẹ kọ sílẹ̀ ń fi yíyá hàn. Bí ẹni náà bá ti san, ká ní, ₦50,000 padà nínú ₦800,000, ìyẹn tún lágbára sí i: ta ló ń san ẹ̀bùn padà díẹ̀díẹ̀?

Tó bá jẹ́ “ẹ kú ìnáwó” lo kọ sí àlàyé owó náà, ẹ̀bùn ló jọ. Ọ̀rọ̀ WhatsApp wúlò, àmọ́ so ìwé ẹ̀rí tí abala 84 òfin yẹn béèrè fún ẹ̀rí tó wá láti orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mọ́ ọn.