Multi-tool oníṣẹ́ 18: 8 mm rẹ̀ ló dójú tì mí

Ẹ má wo iye iṣẹ́ tí wọ́n kọ sára páálí multi-tool, irinṣẹ́ kékeré alákàápọ̀ tí a fi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà. 18 ni wọ́n kọ sára tèmi, ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò sì wà nínú iye náà. Irin kan ṣoṣo ló fẹ́ẹ̀ sọ kẹ̀kẹ́ di ẹrù àtìbọ̀ wálé lórí Cut Gate, ọ̀nà orí òkè tó wà láàárín Langsett àti àfonífojì Derwent ní Peak District, ní ilẹ̀ England. Irin 8 mm ni.

Òkúta ló gbá gíà ẹ̀yìn. Hanger UDH, irin kékeré tó so gíà ẹ̀yìn mọ́ fíremù, èyí tí ilé iṣẹ́ SRAM gbé jáde ní 2019, ni kẹ̀kẹ́ náà ń lò. Wọ́n ṣe é kó lè yí sẹ́yìn tí nǹkan bá gbá a, kó má baà kán. Ó sì yí lóòótọ́. Iṣẹ́ tó kù kò ju kí ẹ yọ wíìlì ẹ̀yìn, kí ẹ dẹ bóòtù hanger, kí ẹ dá a padà sáyè rẹ̀, kí ẹ sì fún un padà. Allen 8 mm, irin onígun mẹ́fà, ni bóòtù yẹn ń gbà, òdì sì ni ojú rẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa yí i sí kó tó tú. Ẹni tí kò mọ̀ á kàn máa fún un sí i ni, á ní ó ti dípẹtà.

8 mm tó wà lára multi-tool yìí kò dá dúró. Fìlà ni, orí 6 mm ni wọ́n ń dé e sí. Òrùka rọ́bà tín-ín-rín ló dì í mú, rọ́bà náà sì ti já kó tó pé oṣù mẹ́ta. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan, fìlà fò sínú igbó heather. Mo rí i, mo dá a padà, ó wá ń mì jẹkẹjẹkẹ, igun 6 mm sì ti ń jẹ. 25 Nm, ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù, ni SRAM ní kí wọ́n fún bóòtù yẹn dé. Irinṣẹ́ yìí kò gùn ju 7 cm lọ. Ẹ ṣírò ó: ẹ máa fi agbára tó tó kílò 36 tẹ irin tó ń mì. Ká ní ó gùn tó 20 cm ni, kílò 13 ti tó. Kò sì sí fọkanáísà lórí òkè yẹn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì ní ṣọ́ọ̀bù tó tà á ní kí n fi 6 mm ṣe é. 6 mm nínú ihò 8 mm! Ẹnìkejì ní kí n ya fọ́tò, mo yà á, ó tún ní òun kò rí rìsíìtì nínú rẹ̀. Ẹnìkẹta ní rọ́bà jẹ́ nǹkan tó máa ń gbó, pé wárántì kò kan rọ́bà. Ọjọ́ 9 ti lọ.

Mo gbé e lọ bá wọn. Mẹkáníìkì wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé kẹ̀kẹ́ tiwọn sórí ìdúró, ó ki irin bọ bóòtù, ó yí i. Fìlà já bọ́, ó yí wọ abẹ́ káńtà. Kò béèrè rìsíìtì. Ó mú tuntun jáde, ó sì fún mi ní Allen key lásán, onírísí L, 8 mm, ó ní kí n fi téèpù dì í mọ́ abẹ́ fíremù. Iṣẹ́ ọgbọ́n nìyẹn.

Òótọ́ ni pé tí a bá yọ fìlà yẹn kúrò, irinṣẹ́ náà dára gan-an. Ọ̀pá tó ń já ṣéènì nípọn, kò tẹ̀ lórí ṣéènì gíà 12. T25 rẹ̀, irin olórí ìràwọ̀, wọ bóòtù dísíìkì bíréékì ṣinṣin, kì í yọ̀. 5 mm rẹ̀ gùn tó láti dé ibi tó jìn. Ti sípókù kò dára, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó yẹ kí ẹ kó tì í: ìdè tí a fi ń so ṣéènì tó já, méjì, ti iye gíà yín gan-an, torí ti 11 kì í ṣe ti 12. Láti dì í, ẹ jẹ́ kó wà ní apá òkè ṣéènì, ẹ tẹ bíréékì ẹ̀yìn, ẹ wá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ kẹ́. Tíúbù kan, ẹ wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́. Bí ẹ bá fi í sínú àpò kan náà pẹ̀lú irinṣẹ́ láìwé e, ihò lẹ máa bá lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń dí táyà, kí ọ̀kan ti wà lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀ látilé, torí òtútù kì í jẹ́ kí ìka ṣiṣẹ́. Agolo gáàsì tí a fi ń fẹ́ táyà, ti 16 g kéré fún táyà íǹṣì 29 tó fẹ̀ tó íǹṣì 2.4, 25 g ni kí ẹ mú, ṣùgbọ́n ẹ má fi pọ́ǹpù sílẹ̀, torí gáàsì tutù lè mú kí omi latex inú táyà, èyí tó ń dí ihò, dì. Bóòtù M5 méjì, okùn ọ̀rá mẹ́rin. Páàdì bíréékì kan tí òjò bá rọ̀: yanrìn Peak lè jẹ páàdì resin tán nínú ìrìn kan.

Máàkì: 4 nínú 5. Mo mọ ohun tí mo kọ lókè. Allen key abẹ́ fíremù kò sí nínú máàkì náà.