Féèsì kan tàbí féèsì mẹ́ta fún ẹ̀rọ ìlọta?

Bí mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta yín kò bá ju hóòsìpawà 2 lọ, féèsì kan (wáyà kan tó ń gbé iná wọlé), fóòtì 230, ti tó. Kàpásítọ̀, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́ fúngbà díẹ̀, ló ń ran mọ́tò náà lọ́wọ́ láti gbéra. Bí kàpásítọ̀ náà bá kú, mọ́tò á kàn máa kùn ni.

Láti hóòsìpawà 5 sókè, féèsì mẹ́ta ni mo fara mọ́. Mọ́tò rẹ̀ ń dá gbéra, iná tí wáyà ń gbé sì kéré: fún hóòsìpawà 5, bí áḿpíà 8 ní fóòtì 400, nígbà tí ti féèsì kan á lé ní 20. Bó bá ń yí sódì, ẹ pààrọ̀ ipò méjì nínú wáyà iná mẹ́ta náà. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú féèsì mẹ́ta náà bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, mọ́tò lè jóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tí yóò já iná fúnra rẹ̀ sí i.