Ìwé alàwòrán tí kò ní ìtàn: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ìwé yìí, ó ṣe mí bíi pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ojú ewé 24, páálí tó ki, àwòrán rẹpẹtẹ, ìtàn kankan ò sí níbẹ̀. Ìbéèrè kan péré ló wà nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bọ́tìnnì tó ń pariwo bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Kí ni mo wá fẹ́ kà fún ọmọ ọdún 3?

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò dáa rárá. Bọ́tìnnì yẹn lọmọ mi rí, kò rí àwòrán. Ajá ń gbó, aago ń dún, èmi náà ń sọ tèmi, kò gbọ́ mi. Mo bá yọ bátìrì rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó gbàgbé. Ìgbà yẹn ni ìwé náà tó wúlò fún wa.

Àwòrán ibẹ̀ dára, kò sírọ́. Bàbá kan ń wá bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan káàkiri ilé, kò rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fara balẹ̀ wò ó á ti rí ìrù ajá lábẹ́ àga, á sì rí okùn bàtà lẹ́nu rẹ̀ tó bá yá.

Ìbéèrè tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn. “Kí nìyí?” “Àwọ̀ wo ni?” Ọmọ á fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dáhùn, ó parí. Lọ́dún 1988, Grover Whitehurst àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Oṣù kan péré làwọn òbí fi ń bi ọmọ ní ìbéèrè tó ń mú kó sọ̀rọ̀ lórí ìwé alàwòrán, tí wọ́n sì ń fi kún ohun tó bá sọ. Àwọn ọmọ ọ̀hún, tí wọn ò tíì pé ọdún 3, mọ̀rọ̀ọ́ sọ ju àwọn tí òbí wọn ń kàwé fún bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà yẹn lèmi náà gbà. Bí ọmọ mi bá ní “ajá”, màá ní, “Ajá tó sá pamọ́ sábẹ́ àga ni. Kí ló dé tó ń sá?”

Ti pé kó máa tẹ́tí sọ́rọ̀ dópin gan-an, ara mi ni mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀ dá. Màá pa ìwé dé, màá wá sọ ojú ewé kan fún un: “Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ajá wà lẹ́yìn rẹ̀.” Òun á wá a kàn. Ojú ewé méjì sì ni bẹ́ẹ̀dì wà. Nínú èkejì, orí bẹ́ẹ̀dì lajá wà. Ẹni tí kò bá gbọ́rọ̀ dópin á ṣì í. Níbẹ̀rẹ̀, bó bá ti gbọ́ “bẹ́ẹ̀dì” báyìí, ó ti ṣí i. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ó ń dúró kí n sọ ọ́ tán.

Ẹ̀yìn ìwé náà ti ń tú, mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá sì jẹ́ ìwé tọ́mọ á dá jókòó tì kẹ́ ẹ lè ráyè ṣiṣẹ́ lẹ ń wá, ẹ má ra eléyìí.

Lánàá, òun ló pa ìwé dé fún mi. “Mọ́mì, ẹ gbọ́ o. Ajá ò sí lórí àga, ó wà lábẹ́ tábìlì.” Mo ṣí èyí tí kì í ṣe.