Kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀rọ ìwọ̀n kúántọ́mù: èwo ló yẹ kí oníṣòwò Ìbàdàn náwó lé lórí?

Ọjà tí wọ́n ń pè ní kúántọ́mù, orúkọ tó wá láti inú ìmọ̀ nípa ìwà àwọn ohun tínńtín bíi átọ́ọ̀mù, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ẹnìkan bá gbé ìwé ìpolówó wá sí ọ́fíìsì yín ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Bódìjà, ohun tó ń tà lè jẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń yá lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè jẹ́ àgádágodo tuntun fún dátà, ìyẹn sọ́fúwíà tó ń ti dátà kí ẹlòmíràn má lè kà á, tàbí àpótí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pín kọ́kọ́rọ́ lórí okùn fáíbà. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n fún àwọn tó ń wá ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Owó wọn ò jọra, ìgbà tí wọ́n máa wúlò ò sì jọra. Ibi tí olùrà ti ń pàdánù owó ni kó dà wọ́n pọ̀.

Ẹni tí kò bá ráyè ka ìyókù, ìmọ̀ràn wa nìyí: ẹ pààrọ̀ àgádágodo dátà yín lọ́dún yìí. Ẹ yá kọ̀ǹpútà kúántọ́mù fún ìkọ́ni àti ìdánwò nìkan, ẹ má ra ọ̀kankan. Ẹ má sì ra àpótí ìmọ́lẹ̀.

Àgádágodo tuntun àti àpótí ìmọ́lẹ̀

Ewu kan náà ni àwọn méjèèjì ń dènà. Ní 1994, Peter Shor fi hàn pé kọ̀ǹpútà kúántọ́mù tó bá tóbi tó lè já RSA, irú àgádágodo dátà kan, àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń ṣọ́ wẹ́ẹ̀bù, VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) àti ìfowóránṣẹ́ lónìí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò tíì sí. Ní 2019, Craig Gidney àti Martin Ekerå ṣírò rẹ̀ pé qubit (ẹyọ tí kọ̀ǹpútà kúántọ́mù fi ń ṣírò) mílíọ̀nù 20 ló máa já RSA-2048. Ní 2025, Gidney tún un ṣírò, ó ní iye tí kò tó mílíọ̀nù kan lè ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ irú èyí tó wà lónìí ò ju qubit bíi ọgọ́rùn-ún mélòó kan sí ẹgbẹ̀rún lé díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo bí iye tí wọ́n nílò ṣe já wálẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà di ti òní ni pé ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà á sílẹ̀ bó ṣe wà ní títì, kó tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá dé. Nítorí náà, ẹ bi ara yín léèrè pé ọdún mélòó ni àṣírí tó wà lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ fi wà ní àṣírí. Fáìlì aláìsàn, BVN àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé ilẹ̀: ogún ọdún, ó kéré tán. Rìsíìtì ẹni tó ra káàdì ìpè lánàá ò kan ẹnikẹ́ni lọ́dún tó ń bọ̀.

Àgádágodo tuntun jẹ́ sọ́fúwíà lásán. Àjọ NIST, tó ń ṣe ìlànà àti òṣùwọ̀n ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà mẹ́ta jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 2024: ML-KEM fún pípín kọ́kọ́rọ́, ML-DSA àti SLH-DSA fún ìbuwọ́lùwé. Kò sí owó àṣẹ lórí wọn, owó ẹni tó máa fi wọ́n síbẹ̀ nìkan ni ẹ máa san. AES-256 tí ẹ fi ti dísìkì àti bákúọ̀pù ò nílò àyípadà, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta “AES kúántọ́mù” fún yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí RSA tàbí ECC, ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀, wà: wẹ́ẹ̀bù, VPN láàárín ẹ̀ka Challenge àti ti Mọ́kọ́lá, ímeèlì, ẹ̀rọ POS, ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń gbà wọ server. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `ssh -V` lórí server kọ̀ọ̀kan. OpenSSH, sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń wọ server láti ọ̀nà jíjìn, láti 9.0 sókè ń lo àgádágodo àdàpọ̀, ti àtijọ́ pẹ̀lú tuntun, láìjẹ́ pé ẹ yí nǹkan kan. Láti 10.0, tó jáde ní 2025, mlkem768x25519-sha256 ló ń lò. Ubuntu 22.04, ẹ̀yà Linux tó ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ server, OpenSSH 8.9 ló ní. Àdàpọ̀ náà wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ti àtijọ́ ló tò ó sí, ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ yín gbé e síwájú ní ìlà KexAlgorithms nínú fáìlì ètò rẹ̀. Fún wẹ́ẹ̀bù, OpenSSL 3.5, sọ́fúwíà tó ń ti ohun tó ń kọjá láàárín ojú-ewé àti bráúsà, lẹ nílò. Debian 13 ní in tẹ́lẹ̀, Ubuntu 24.04 ò ní in. Chrome láti 131 ti ń béèrè X25519MLKEM768, irú àdàpọ̀ kan náà, fúnra rẹ̀, nítorí náà àwọn oníbàárà yín ti ṣe tán ṣáájú yín.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni ìwọ̀n. Kọ́kọ́rọ́ gbangba X25519, ti àtijọ́, jẹ́ báìtì 32, ti ML-KEM-768 jẹ́ 1,184. Ìkíni àkọ́kọ́ tí bráúsà ń fi ránṣẹ́ kò wá gba inú páàkẹ́ẹ̀tì kan mọ́, méjì ló ń di. Fáyàwọ́ọ̀lù àtijọ́ tó rò pé ẹyọ kan ṣoṣo ló yẹ kó wá máa ń jù ú nù. Ẹ máa rí i pé ojú-ewé yín ń ṣí lórí fóònù kan, kò ń ṣí lórí kejì, nínú ọ́fíìsì kan náà. Ọ̀pọ̀ máa ń pa àgádágodo tuntun náà ní irú ìgbà yìí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Fáyàwọ́ọ̀lù ni kí ẹ fún ní sọ́fúwíà tuntun, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìbuwọ́lùwé lè dúró díẹ̀. Ti RSA-2048 jẹ́ báìtì 256, ti ML-DSA-65 jẹ́ 3,309, káàdì kékeré àti POS tí mẹ́mórì wọn ò pọ̀ ò lè gbé e. Kò sì sí ẹni tó lè fi ẹ̀rọ ọjọ́ iwájú buwọ́ lu owó tí ẹ ti fi ránṣẹ́ lánàá. Pípín kọ́kọ́rọ́ ló jẹ́ kánjúkánjú. Ṣùgbọ́n ẹ má ra POS tàbí ẹ̀rọ ATM tuntun tí olùtà ò lè sọ ọdún tó máa gba ML-DSA, torí ìwé àbá NIST ti fi 2035 ṣe òpin fún RSA.

Àpótí ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní QKD, yàtọ̀ pátápátá. Àpótí méjì ni, ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń fẹ́ okùn fáíbà tí ẹlòmíràn ò lò. Ìmọ́lẹ̀ tínńtín ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ẹni tó bá yọjú wò ó máa fi àmì sílẹ̀. Ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì dájú. Ọ̀nà jíjìn ló ń pa á. Fáíbà tó dára ń pàdánù nǹkan bíi 0.2 dB (òṣùwọ̀n àdánù ìmọ́lẹ̀) ní kìlómítà kan. Láàárín ìlú, bíi kìlómítà 15, ìdajì ìmọ́lẹ̀ náà á dé. Láti Ìbàdàn dé Èkó, tí ẹ bá ní kìlómítà 120 okùn, 24 dB ti lọ, èyí ni pé nínú ìmọ́lẹ̀ 250, ẹyọ kan ló máa dé, kí á tó ka ibi tí wọ́n ti so okùn pọ̀ lẹ́yìn tí katapílà já a lójú ọ̀nà. Ẹ ò lè fi ẹ̀rọ mú un lágbára sí i láàárín ọ̀nà, nítorí ẹ̀rọ tó bá gbà á ti kà á. Ṣáínà tó so Beijing mọ́ Shanghai, ọ̀nà tó lé ní 2,000 kìlómítà, ibùdó tó ṣeé fọkàn tán ni wọ́n kọ́ lójú ọ̀nà, inú ibùdó kọ̀ọ̀kan sì ni kọ́kọ́rọ́ náà wà ní gbangba. Ta ló máa ṣọ́ ti yín ní Ṣàgámù?

Ó tún kù kan: àpótí náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àpótí kejì lòun ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ayédèrú. Àgádágodo sọ́fúwíà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìyẹn. Ẹni tó ra QKD á ṣì ṣe iṣẹ́ tó wà lókè yìí. Àwọn àjọ aláàbò, NSA ti Amẹ́ríkà àti NCSC ti Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ gbangba pé àwọn ò dábàá rẹ̀ fún iṣẹ́ ìjọba, a sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Kọ̀ǹpútà: rírà àti yíyá

Rírà ò gba àròjinlẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀rọ irú ti IBM àti Google ń gbé inú fíríìjì tó tutù dé nǹkan bíi 0.015 kelvin, tó súnmọ́ òtútù tó ga jù tó lè wà. Iná àti omi tútù gbọ́dọ̀ máa lọ tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì pẹ́, yóò gbóná, ọjọ́ mélòó kan ló sì máa ń gbà kó tó tutù padà. Band A ṣèlérí wákàtí 20 lóòjọ́. Wákàtí mẹ́rin tó kù yẹn ni ìṣòro. Ti àwọn áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó ní iná lára), bíi IonQ, ò nílò irú òtútù yẹn, ṣùgbọ́n ìtànṣán lésà wọn ò fẹ́ kí yàrá gbóná kó tún tutù. Èyí tí a lè gbé ka tábìlì, tó ní qubit méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú mágínẹ́ẹ̀tì, wúlò fún ẹ̀ka físíìsì ní Yunifásítì tàbí Pólì, torí akẹ́kọ̀ọ́ á fojú rí bí wọ́n ṣe ń darí qubit. Ẹ fi sí yàrá tí AC ń ṣiṣẹ́ déédéé, torí ooru ń yí agbára mágínẹ́ẹ̀tì náà. Fún ilé-iṣẹ́, kò ní èrè kankan, laptop ń ṣe ohun tó ń ṣe.

Yíyá ló kù. Ní 2025, IBM ń fúnni ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ 28 kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń san dọ́là 96 fún ìṣẹ́jú kan. Amazon Braket, tó ń yá ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi fúnni, ń gba 0.30 dọ́là lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà owó lórí ìgbà tí ẹ̀rọ bá tún un ṣe. Iye tí wọ́n kọ ní 2025 la fi ṣírò èyí, fún iṣẹ́ kan tí ẹ̀rọ ṣe nígbà 1,000:

| Ẹ̀rọ | Irú rẹ̀ | Qubit | Dọ́là |
|---|---|---|---|
| Rigetti Ankaa-3 | fíríìjì | ó lé ní 80 | 1.20 |
| IQM Garnet | fíríìjì | 20 | 1.75 |
| QuEra Aquila | átọ́ọ̀mù | 256 | 10.30 |
| IonQ Forte | áyọ́ọ̀nù | 36 | 80.30 |

Èyí tó wọ́n kì í ṣe ẹ̀tàn. Lórí ẹ̀rọ áyọ́ọ̀nù, qubit kọ̀ọ̀kan lè bá èyíkéyìí ṣiṣẹ́ tààrà. Lórí ti fíríìjì, aládùúgbò nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, ẹ ó sì máa ṣí qubit nípò, àṣìṣe á máa pọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ìgbà 200 á gba dọ́là 240 lọ́dọ̀ Rigetti, á sì gba 16,060 lọ́dọ̀ IonQ. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rù ìwé owó ọjọ́ Ajé á bà á. Ẹ fi òpin owó sí i kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Ẹ ṣe é lórí laptop ná. Qiskit, sọ́fúwíà fún kíkọ ìṣirò kúántọ́mù, jẹ́ ọ̀fẹ́. Qubit 28 ń fẹ́ RAM 4 GB, 30 ń fẹ́ 16, ẹyọ kan tí ẹ bá fi kún un á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú qubit márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ fi àṣìṣe àtọwọ́dá kún un, kí ẹ tó gbé ìgbà 100 péré lọ sórí ẹ̀rọ gidi, kí ẹ sì fi èsì méjèèjì wéra. Bí wọn ò bá jọra, ẹ dúró. Ìdí rèé: bí àṣìṣe bá jẹ́ mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín qubit méjì, ìṣirò oníìgbésẹ̀ 300 ní nǹkan bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún láti parí láìní àléébù. Ti ìgbésẹ̀ 1,000 ní ìdá 5.

Ta ló máa kọ́kọ́ jèrè? Kẹ́mísìrì ni a fi owó lé lórí. Báwo ni bakitéríà ara gbòǹgbò ẹ̀wà ṣe ń fa náítírójẹ́ẹ̀nì láti inú afẹ́fẹ́ láìsí iná ńlá tí ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ ń jó? Ìbéèrè yìí kan ìlú tí IITA ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà àti sóyà láti ìgbà pípẹ́. Kọ̀ǹpútà lásán ò lè ṣírò èròjà tó ń ṣe é yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe ló máa ṣe é. Google fi hàn lórí ẹ̀rọ rẹ̀ Willow, tó ní qubit 105, ní oṣù Kejìlá 2024 pé bí wọ́n ṣe ń fi qubit kún un ni àṣìṣe ń dín kù, IBM sì fi ẹ̀rọ oníqubit 200 tó ní àtúnṣe sí ètò 2029. Oníwàádìí lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nísinsìnyí. Ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ lè dúró.

Àwọn báńkì tí wọ́n ń ṣèlérí ìṣirò ewu fún, èrè tó wà níbẹ̀ kéré, iṣẹ́ àtúnṣe àṣìṣe á sì jẹ ẹ́ tán. Ti ètò ọkọ̀ àti ìpín ọjà ni wọ́n ń tà jù. Ní oṣù Kọkànlá 2019, Volkswagen fi ẹ̀rọ kúántọ́mù ti D-Wave darí bọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án ní Lisbon. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín ohun mímu láti Olúyọ̀lé lọ sí Bódìjà, Òjòó àti Moniya ò nílò rẹ̀: sọ́fúwíà OR-Tools ti Google, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á yanjú rẹ̀ lórí laptop. Ẹ fún olùtà ní àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan láti ọ̀dọ̀ yín, kó fi èsì tirẹ̀ wé ti OR-Tools. Bí kò bá gbà, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n

Èyí ni ọjà tó ti dàgbà jù, tí wọ́n sì ń pariwo rẹ̀ kéré jù. Àwọn tó ń wá kùsà ní Òkè-Ògùn lè yá mágínẹ́tómítà sísíọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára mágínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀, tó ń rí ìyàtọ̀ 0.01 nT (òṣùwọ̀n agbára náà) tàbí tó kéré sí i, níbi tí ti próòtónù ń dúró ní nǹkan bíi 0.1. Ẹ gbé ọkọ̀, àdá àti fóònù jìnnà. Ẹ fi ẹ̀rọ kejì sílẹ̀ lójú kan láti máa gba àyípadà ọjọ́ náà sílẹ̀, torí ní agbègbè wa, ìṣàn iná òkè ọ̀run ní ọ̀sán gangan lè yí ìwọ̀n ní ọ̀pọ̀ nT. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ kejì á ya àwòrán ọ̀sán, á rò pé irin ni.

Ẹ̀rọ tó ń fi átọ́ọ̀mù wọn òòfà ilẹ̀, ìyẹn agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, náà wà. Yunifásítì Birmingham fi ọ̀kan rí ihò abẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2022. Fún agbẹ́kànga, kò pọn dandan. Orí àpáta líle ni Ìbàdàn jókòó lé, inú ìpele tó ti jẹrà àti inú ihò ìsán ni omi wà, ìwọ̀n iná tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní VES, ṣì ni ó yẹ, ó sì rọjú.

Ẹ̀rọ tó ń pèsè nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ tún wà. Àwọn tó ń ṣe lọ́tìrì tàbí tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ fún ẹlòmíràn ló lè rà á. Server tí ẹ ní ń ṣe tirẹ̀ dáadáa.

Ní gbogbo rẹ̀, kí orúkọ ẹ̀rọ gan-an tí wọ́n máa lò wà nínú ìwé àdéhùn, kí iye rẹ̀ wà ní dọ́là àti ní náírà ọjọ́ ìsanwó, kí ẹ sì lè jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láìsan ìtanràn.