Asẹ́ Ike àbí Asẹ́ Séráámíìkì? Fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ẹ̀rọ Tó Ń Sọ Omi Kajú Di Gaara

Omi kajú kì í tòrò bí omi ògì. Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ kó lè silẹ̀, á ti kan kó tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é tà fi ń gbé e gba mẹ́ḿbíréènì, asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò ju 0.2 máíkírọ́ọ̀nù lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mílímítà kan). Ti ike wà, ti séráámíìkì, ìyẹn ohun líle tí a sun bíi táìlì, náà wà. Pọ́ọ̀ǹpù á máa lé omi èso gba inú ọ̀pá, èyí tó mọ́ á máa làágùn jáde lára ògiri ọ̀pá náà, èyí tó ki á padà sínú táǹkì.

Iye owó ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú ni pé: oṣù mélòó ni ẹ̀rọ yìí máa jókòó láìṣiṣẹ́? Kajú Ògbómọ̀ṣọ́, kajú Kogi, oṣù mélòó kan péré ni wọ́n fi ń so lọ́dún.

| | Ike (oríṣi bíi PES àti PVDF) | Séráámíìkì |
|---|---|---|
| Fífẹ̀ inú ọ̀pá | bíi mílímítà 1 | mílímítà 3 sí 6 |
| Ooru tó lè gbà | bíi 50 °C | ó ju 80 °C lọ |
| pH (ìwọ̀n ásíìdì àti kọ́sítíìkì tó lè gbà) | 2 sí 11 | 1 sí 13 |
| Ìgbà tó ń lò | ọdún 2 sí 4 | ó lè ju ọdún 8 lọ |
| Owó, ìwọ̀n kan náà | ó kéré | ìlọ́po mélòó kan |

Ike. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín ni wọ́n dì bí ìgbálẹ̀ sínú páìpù kan. Inú wọn kò fẹ̀ tó ọ̀pá yíǹkì bíírò, torí náà fọ́nrán kajú máa ń há síbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sẹ́ omi náà pẹ̀lú asẹ́ onírin tí ihò rẹ̀ jẹ́ 100 sí 150 máíkírọ́ọ̀nù. Bí ọ̀pá kan ṣoṣo bá já, èyí tó rú á máa bá gaara jáde. Láti mọ èwo ni, ẹ fi omi bo ìdì náà, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i: èyí tó ń hó ló já, ẹ dí i lẹ́nu.

Gbígbẹ ló ń pa á jù. Tó bá gbẹ, ihò rẹ̀ á pa dé. Ní gbogbo oṣù tí kajú ò sí, inú omi ló máa wà, pẹ̀lú sodium metabisulfite (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí omi bàjẹ́) gíráàmù 10 nínú lítà kan, ẹ ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹni tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ bá gbàgbé, owó ti wọgbó.

Séráámíìkì. Kọ́sítíìkì gíráàmù 20 nínú lítà kan, ní 80 °C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ fi nitric acid tí kò le fọ̀ ọ́, kí ẹ tún ṣàn án. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè jẹ́ kó gbẹ títí di àkókò kajú mìíràn. Kò fẹ́ kó jábọ́, kò sì fẹ́ omi tútù lójijì nígbà tó gbóná: ẹ má jẹ́ kí ooru rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju 10 °C lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á sán. Pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ ń jẹ iná gan-an, torí omi gbọ́dọ̀ sáré mítà 4 sí 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ògiri ọ̀pá má baà dí. Ẹ ka epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ owó rẹ̀.

Bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ da inú ọ̀pá jáde, kí ẹ sì fi omi ṣàn án kíá, oríṣi yòówù kó jẹ́. Ike ni ìjìyà rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Kò sí èyí tó ń mú híhá lọ́fun kúrò níbẹ̀. Táníìnì tó ń fa híhá náà kéré ju ihò àwọn méjèèjì lọ. Bó bá kọjá, ó lè so mọ́ purotéènì nínú ìgò, kí omi tó dà bíi dígí tún rú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gẹlatíìnì, tí wọ́n ń fi awọ àti egungun ẹran ṣe, la fi ń mú un silẹ̀ ṣáájú sísẹ́. Ẹ dán ìwọ̀n gẹlatíìnì oríṣi márùn-ún wò nínú ife márùn-ún, torí èyí tó bá ṣẹ́ kù á lẹ̀ mọ́ mẹ́ḿbíréènì. Bí àwọn oníbàárà yín bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ béèrè bóyá ti màlúù ni.

Ìwọ̀n tí ẹ máa rà. Ibí ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò fura. Ká ní omi ń jáde ní lítà 100 lórí mítà onígun mẹ́rin kan ti ojú asẹ́ ní wákàtí àkọ́kọ́, tó wá dúró sí 50 lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ lítà 500 ní wákàtí kan, mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ nílò. Ẹni tó bá fi ti wákàtí àkọ́kọ́ ṣírò á ta 5 fún yín. Omi kajú tiyín ni kí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò níwájú yín, ó kéré tán wákàtí mẹ́rin.

Ẹni tó jẹ́ kajú nìkan ló ń ṣe, kó ra séráámíìkì, kódà bó bá máa kọ́kọ́ ra kékeré. Ẹni tó ń fi ọ̀pẹ̀yìnbó kún un, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ yípo ọdún, ike tó o, owó rẹ̀ á sì tètè padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dé, ẹ fi omi lásán nìkan ṣiṣẹ́, kí ẹ kọ iye lítà tó jáde sílẹ̀, àti ooru àti agbára pọ́ọ̀ǹpù nígbà náà. Lẹ́yìn gbogbo ìfọ̀, bí iye yẹn kò bá tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò tíì mọ́, ẹ tún un fọ̀.